Sàdáàkì Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì

Ẹsẹ̀ Tesleem ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Mo ru ẹrù ìbòrí tí mò ń tà sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ilé wa ní Berea, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé, níbi tí àwọn ayálégbé ń gbé ọkọ̀ sí. Iná ti lọ. Mo tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀, ohùn sì jáde lábẹ́ fọ́kìsì àtijọ́ kan, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kán an. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi wá ìyàwó."

Mo ní, "Ẹ yáa ká a kúrò lọ́nà, torí ìyàwó ọ̀hún lè gba ibí kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín lórí ìdúró.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni ó ń ṣe. Ó ti yọ ẹ́ńjìnnì ìjàpá náà dànù, ó fẹ́ kí ó máa fi bátìrì rìn. Ẹ̀rọ oníná tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, ara ọkọ̀ agbẹ́rù kan tí wọ́n ti pa tì ni ó ti tú u. Ó ní bí ó bá rìn, epo kò ní lè sọ òun di ẹrú mọ́. Mo gbà á gbọ́. Kí n má purọ́, òun ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe ọkọ̀ náà.

Kò pẹ́ tí wáyà fi so wá pọ̀. Ó gba ojú fèrèsé ilé ìdáná mi sọ̀kalẹ̀ lọ fún bátìrì rẹ̀ ní iná. Bí wọ́n bá gbé iná lọ, a jọ máa ń jókòó sínú òkùnkùn ni, òun nísàlẹ̀, èmi lókè. Nígbà kan ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Rodiat, ọkàn mi, ṣé ò ń rí mi?" Mo ní mi ò rí i. Ó ní, "Èmi ń rí ẹ."

Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Kamil, ẹ̀gbọ́n mi tó mú mi wá sí ìlú yìí, kò fẹ́ ẹ. Bàbá wa ní Ìwó ti yàn án pé òun ni yóò fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní Tesleem ti kó ohun gbogbo tó ní sórí bátìrì, kí ni yóò fi fẹ́ ìyàwó? Alhaji Zulkifli, tí ìyàwó rẹ̀ kú, ń dúró dè mí ní Ìwó, bàbá mi sì ti ní kí wọ́n máa fi mí ránṣẹ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo tọ àfáà wa lọ. Ó rán mi létí ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í lò: obìnrin ló ni sàdáàkì rẹ̀, ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún un kí ìgbéyàwó tó so, òun ni kí ó sì dárúkọ ohun tí ó fẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi, mo dìde, mo sọ ọ́.

"Kí Tesleem fi ọkọ̀ yẹn gbé mi láti ilé dé mọ́ṣáláṣí ní Sátidé. Mi ò fẹ́ ohun mìíràn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kamil kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé ọ débẹ̀, kò san sàdáàkì nìyẹn. Mi ò sì ní fà ọ́ lé e lọ́wọ́. Ìwó lò ń lọ."

Nígbà tí Tesleem gbọ́, ó wá bá mi. Ó ní, "Rodiat, kí ló dé tí o ò bèèrè góòlù? Góòlù, mo lè tọrọ rẹ̀. Ọwọ́ ta ni mo ti fẹ́ tọrọ ìrìn?"

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn láti ìgbà náà. Ní Alàmísì, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó tan iná sí i. Táyà yí. Ó fẹ́ dì mọ́ mi, ó rántí pé a kò tíì ṣe nìkáà, ó dì mọ́ ọkọ̀. A ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé táyà ń yí. Kò sí èyí tó wo apá ibi tí ó ń yí sí nínú wa.

Sátidé dé. Mo wọ funfun, mo jókòó sínú ìjàpá. Kamil dúró ti ọkọ̀ tirẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Tesleem ṣe bisimilá, ó ki jíà kìíní bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn rìn, ó lọ sọ ìdí mọ́ òpó.

Ó ki jíà kejì bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn náà ni.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó padà wá jókòó. Ó ní òdì ni ẹ̀rọ náà ń yí sí ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Kí a tó tún un ṣe, a ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ilẹ̀ ọ̀la ni yóò sì mọ́ bá a. Àwọn èèyàn sì ti pé jọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó gbé orí lé sítíárì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú un lọ," ó ní. "Rodiat, foríjì mí."

Kamil ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ó tó, àbúrò mi. Máa bọ̀."

Mi ò lè dìde. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè mi. Omi ojú ni mo fi sọ̀rọ̀.

"Tesleem, o ní kí ó lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn. Tí o bá ní kí ó lọ sẹ́yìn ńkọ́?"

Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Ó fa jíà tí wọ́n fi ń padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó sì rọra lọ síwájú.

Jíà yẹn kò mọ eré sísá. Bí aláàárù tó ru àpò sìmẹ́ǹtì ni a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àárín ìlú, Kamil ń tẹ̀lé wa, àwọn onítáásì ń fọn fèrè. Ọ̀kan yọ orí síta, ó ní eish, bí wọ́n ṣe ń kígbe ìyanu níbí, ó bèèrè bóyá ìgbéyàwó là ń lọ tàbí ìsìnkú. Abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára bátìrì hàn ń rẹlẹ̀.

"Má wo abẹ́rẹ́ yẹn," Tesleem ní.

"Kí ni kí n máa wò?"

"Èmi."

Róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, èyí tó gbẹ̀yìn dá wa dúró ní Marshalltown. Mo ti ń rí ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí lọ́ọ̀ọ́kán. Róbọ́ọ̀tì di àwọ̀ ewé, Tesleem tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kùn, kò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí Kamil nínú dígí, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀. Mo di ilẹ̀kùn mú. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá mú mi ni.

Kò dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ká ọwọ́ agbádá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ìdí ìjàpá. Ọkọ̀ náà ṣí ẹsẹ̀, ó sì ń dá lọ.

Nínú mọ́ṣáláṣí, àfáà bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bóyá mo ti gba sàdáàkì mi. Kamil wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí ìdọ̀tí ọkọ̀ ti sọ di dúdú.

"Ó ti gbà á," ó ní. "Ojú mi ló ṣe."

Ó na ọwọ́ dúdú náà sí Tesleem. Tesleem fi tirẹ̀, tó dúdú jù ú lọ, gbà á.