Márùn-ún Kì Í Ṣe Mẹ́rin

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, òkun gun òpó karùn-ún ní abúlé Etí-Ìgbì, kọ̀ǹpútà sì sọ pé kò séwu.

Tẹ́ní ló kọ́kọ́ rí i. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tó gba orí afárá pákó sọ̀ kalẹ̀ sí etí iyanrìn. Òpó márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti etí omi títí dé ẹ̀yìn ilé Baba Ọlọ́rundáre, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Tẹ́ní a máa po eérú ààrò ẹja mọ́ omi, a sì fi kun àwọn òpó náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wo ibi tí omi fọ eérú dé, yóò sì kọ nọ́ńbà òpó náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, òpó karùn-ún mọ́ tónítóní bí eegun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lánàá. Láti ibẹ̀ dé àtẹ̀gùn ilé Baba, ìṣísẹ̀ méje péré ni.

Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń ka òpó ni pé, lọ́dún tó kọjá, ìgbì kan dẹ́rù ba àwọn ará etíkun. Wọ́n sáré tú ilé mẹ́rìnlá, pákó àti páànù, wọ́n sì fi ọkọ̀ kó wọn gba ojú ọ̀sà lọ sẹ́yìn abúlé. Òkun kò wá. Pákó ya, páànù lu, ojú sì ti gbogbo wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fẹnu kò pé, bí omi bá dé òpó kẹrin lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n tú ilé. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da ìlú rú. Títú ilé kan ń gbà tó ọjọ́ kan àtààbọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó ti Ọ̀yọ́ wá, ló ní kí Tẹ́ní àti Gift ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ètò tí yóò máa bá wọn kà á. Wọ́n to nọ́ńbà ọjọ́ méje sínú àtòjọ kan nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lọ́wọ́ Tẹ́ní. Kọ̀ǹpútà a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé mẹ́rin ni ọ́?" Èyí tó bá jẹ́ mẹ́rin, a fi ọ̀kan kún iye. Èyí tí kò bá jẹ́ mẹ́rin, a fò ó. Iye tó bá jáde ni Tẹ́ní máa ń kọ sára pátákó ní èbúté, kí gbogbo ará abúlé lè rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú àtòjọ ni mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́rin, márùn-ún, márùn-ún. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé: mẹ́ta.

Tẹ́ní fi ìka kà á fúnra rẹ̀: omi ti dé òpó kẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tẹ márùn-ún sí i lẹ́ẹ̀meje. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé: òdo. Bí òkun bá wọ yàrá lójoojúmọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, òdo ni yóò máa pè é.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, ó fa Gift sí kọ̀rọ̀, ó fi hàn án. Gift wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́.

"Ohun tí a ní kó kà ló kà," ó wí. "Ta ló mọ̀ pé omi lè dé karùn-ún?"

"Ó ti dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ọ̀gá Onímọ̀, rọra o! Ọ̀túnla ni ìdíje kọ̀ǹpútà ní Igbokoda, tí a fẹ́ gbé ètò yìí lọ. Bí o bá sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé pé iṣẹ́ wa ní àbùkù, Kingsley tó wà ní kíláàsì wa ni yóò fi rọ́pò wa. Ṣé o mọ orúkọ tí Kingsley yóò sọ wá? Àwọn tí kò mọ̀ pé márùn-ún ju mẹ́rin lọ! Jẹ́ ká ti Igbokoda dé, ká tó tún un ṣe. Ọjọ́ méjì péré ni mo ní, Tẹ́ní. Jọ̀ọ́."

Tẹ́ní pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ẹ̀rù méjì ló ń bà á, ẹ̀rù omi àti ẹ̀rù ẹ̀rín. Ẹ̀rín ló sún mọ́ ọn jù.

Nígbà tó padà dé èbúté lọ́sàn-án, ó mú ẹfun, ó kọ mẹ́ta. Baba Ọlọ́rundáre jókòó síbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Mélòó ni tòní, ọmọ mi?"

"Mẹ́ta ni, Baba."

"Ẹ gbọ́ o! Ìyá Promise, tú ẹrù tí o dì palẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ti bá òkun sọ̀rọ̀!" Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja rẹ́rìn-ín. Baba rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró òkun lábẹ́ ilé wa lánàá. Ó ń lá òpó ilé bí ajá. Àbí etí mi ló ti ń darúgbó?"

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n Tẹ́ní.

"Kọ̀ǹpútà ní mẹ́ta, Baba."

"Ó dáa. Ẹ̀rọ kì í darúgbó."

Tẹ́ní kò lè jẹun nírọ̀lẹ́ náà. Bí omi bá ti kan pákó nísàlẹ̀, á dìde jókòó.

Nígbà tó dé etí iyanrìn láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò rí òpó karùn-ún mọ́. Ihò rẹ̀ nìkan ló kù, omi sì kún inú rẹ̀. Baba ti wa ọkọ̀ lọ wo ìgèrè tó fi ń mú ẹja. Tẹ́ní na ọrùn wo ojú ọ̀sà, kò rí i. Gift pè é láti inú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pé, "Tẹ́ní, à ń lọ o!" Ó sáré wọ ọkọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, òun yóò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Agogo méjì kọjá kó tó lè dúró níwájú Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ náà kò bá a wí. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì sáré lọ wá ọkọ̀ onímọ́tò.

Agogo mẹ́rin ni wọ́n gúnlẹ̀. Omi ti bo ẹsẹ̀ pátákó èbúté.

"Baba! Kì í ṣe mẹ́ta! Ó ti dé òpó kẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó tún kọjá rẹ̀!"

Baba wo ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti àná, Baba."

Ọkùnrin àgbà náà yíjú padà, ó kígbe sí ìlà ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pákó, kí wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀. Ilé kan dé ìkejì ló ń wọ̀, ó ń gbé ọmọdé jáde, ó ń fa arúgbó lọ́wọ́. Ìyá Promise ni Baba gbé kẹ́yìn. Nígbà tó gbé e dé inú ọkọ̀, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó wo ilé ìkángun. Tẹ́ní pariwo pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ariwo omi kò jẹ́ kó gbọ́. Bí ó ti wọ inú ilé náà ni ìgbì gbé e láti ìdí, àti pákó àti páànù.

Kọ̀ǹpútà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Etí-Ìgbì. Ó ka ohun tí wọ́n ní kó kà. Àṣìṣe tí àwọn ọmọbìnrin méjì náà ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kì í ṣi nǹkan kà. Ọjọ́ tí ènìyàn bá rí àṣìṣe ara rẹ̀, tó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa fi í rẹ́rìn-ín, ni ó di ẹ̀ṣẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Tẹ́ní sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ kan pẹ́.

Ilé mẹ́rìnlá ni òkun kó lọ. Ó gbé Baba Ọlọ́rundáre, wọn kò sì rí òkú rẹ̀.