Ìtàn Àbẹ̀kẹ́ Tó Pòórá

Nóòtù mẹ́rin ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Olúfọlákẹ́ Abórìṣàdé ṣí èkíní. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó ṣí èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Funfun báláú ni gbogbo wọn.

Ó figbe ta.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ìtàn àtijọ́ ló ń kọ: ìwé mẹ́jọ ló ti kọ nípa àwọn ọbabìnrin àti ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀ nítorí mẹ́ta nínú wọn. Ọdún méjì sẹ́yìn ló wá sí ilé bàbá rẹ̀ ní Àgọ́ Palace, ní Èkó, láti kọ ìkẹsàn-án: ìtàn Àbẹ̀kẹ́, obìnrin kan tó gbé Òṣòdì nígbà ìjọba òyìnbó. Ó ti sọ lórí rédíò pé ìyá bàbá òun ni. Bírò ló fi ń kọ ọ́ sínú àwọn nóòtù náà, ó sì máa ń tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

Ó ránṣẹ́ sí Salimat ní Ìsọlọ̀, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìntì.

"Níbo ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà?"

"Ọrùn mi ni, mà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bọ́ ọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì jù ú sínú báàgì mi. Òní ni dókítà ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé."

"Ta ló bá ẹ lọ?"

Àwọn mẹ́ta ni: Kíkí, akọ̀wé rẹ̀, Kọ́láolúwa, àbúrò Olúfọlákẹ́, tó wa mọ́tò, àti Àǹtí Ọmọlará, aládùúgbò wọn, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì. Kò sí ẹni tí kò jáde ní ọsibítù lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà. Kíkí lọ ra oògùn. Kọ́láolúwa lọ ra epo. Àǹtí Ọmọlará pa dà sílé Olúfọlákẹ́ lọ mú ìró fún aláìsàn.

Kíkí bú sẹ́kún. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bẹ̀ wọ́n kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ̀. Tí mo bá fẹ́ jí i, ṣé mo máa bẹ̀bẹ̀?"

Kọ́láolúwa bínú. "Torí pé èmi náà ń kọ ìwé? Ẹ wá tú yàrá mi!" Salimat tú u. Kò rí nǹkan kan.

Àǹtí Ọmọlará ò pariwo. "Ìtàn ìyá bàbá ẹ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Salimat gbé nóòtù kan súnmọ́ ojú. Wọ́n ti kọ orúkọ sára èèpo rẹ̀: *Àbẹ̀kẹ́*. Ó pe gbogbo wọn sí pálọ̀, ó ní kí kálukú kọ orúkọ náà sórí bébà.

Olúfọlákẹ́ kọ *Abeke*. Kíkí kọ *Abeke*. Kọ́láolúwa náà kọ *Abeke*.

Àǹtí Ọmọlará kọ tirẹ̀. Ó fi àmì ohùn sórí, ó fi àmì sí ìsàlẹ̀. Lójijì ló dúró, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mà?" ni Salimat bi í.

"Márùndínlógójì."

"Ọwọ́ yín ò lè fo àmì, bó ṣe wà lára èèpo nóòtù yìí náà nìyẹn. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ẹ ní ẹ ń lọ mú ìró, ẹ sì fi nóòtù tuntun rọ́pò."

"Ọjà Bọ́ládé ní Òṣòdì ni mo ti rà wọ́n." Ó kọjú sí Olúfọlákẹ́. "Ìyá mi ni Àbẹ̀kẹ́. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ló bí mi, kì í ṣe ọkọ ìyá mi. Ọkọ tèmi ò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, Fọlákẹ́, tẹkúntẹkún. Orí rédíò ni mo ti wá gbọ́ pé o ti sọ ọ́ di ìyá bàbá ẹ. O ò tiẹ̀ yí orúkọ ẹ̀ pa dà!"

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Mo ti sun wọ́n."

"Ẹ̀yin tí mo fi ṣe ìyá!"

"Ìwọ náà ni mo fi ṣe ọmọ."

Ó mú gèlè rẹ̀, ó jáde. Salimat wo Olúfọlákẹ́ bóyá kí òun dá a dúró. Olúfọlákẹ́ mi orí pé rárá.

Nígbà tó yá, ó pe àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ìwé ò sí mọ́, wọ́n ti jí i. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó jí i.



"Èmi ni mo kọ́kọ́ jí i," ló dáhùn.