Àpò Ìbọn Orville Tackett

Ẹni tó pa Orville Tackett kò sá. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, orí àtẹ̀gùn iwájú ilé olóògbé ni wọ́n bá Clint Mabry, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè, ìbọn rẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Orville wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, ó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ní Cutter Springs, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ta ni kò mọ àwọn méjèèjì? Clint ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ìbọn dá lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń de tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó ń fi dígí alámì pupa sí i lórí, ó ń sọ irin tí ìka ń fà di ohun tí èémí lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fà. Orville ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn dárayá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jiyàn nídìí kọfí.

"Ìbọn tí o gbé jáde nínú páálí tí o ò tún un ṣe, àbọ̀ ìbọn ni," Clint á wí.

Orville á rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀mí mi, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀ bí ẹni tó rọ ọ́ ṣe rọ ọ́."

Nígbà tó yá, Clint gba ìbọn kan lọ́wọ́ Orville ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi gbogbo ọ̀ṣọ́ yìí sí i lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ará ìlú gbádùn. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ ọ́ fún pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni alága fúnra rẹ̀ ń gbé kiri. Ìbọn yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ òkú báyìí, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń tàn.

Verna Stidham, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, obìnrin gíga tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, jókòó ti Clint lórí àtẹ̀gùn.

"Kí lo wá ṣe níbí, Ọ̀gbẹ́ni Mabry?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ Shelby."

Verna mọ̀ ọ́n. Shelby Rusk, olùkọ́ kan, ra ìbọn tí Clint ti tún ṣe. Ìbọn náà dún fúnra rẹ̀ nínú báàgì, ó fọ́ egungun itan rẹ̀. Orville, tó yẹ ìbọn náà wò, ló fẹ́ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé Clint ti rẹ́ irin ààbò inú rẹ̀ dànù.

"Mo ní kó ṣàánú mi. Inú bí i, ó fàbọn yọ."

"Níbo ló ti fà á yọ?"

"Ní ìbàdí ẹ̀, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, níbi tí i máa ń wà."

"Kì í ṣe orí tábìlì?"

"Ọ̀gá mi, mo lójú! Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó fà á yọ nínú àpò ẹ̀, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì tí mo fọwọ́ ara mi dè mọ́ ọn sí mi lójú. Mo bá fa tèmi. Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fepo para kó wá jókòó sídìí iná."

"Tọ́ọ̀ṣì yẹn dá ọ lójú?"

"Bó ṣe dá mi lójú pé Clint ni mí."

Ṣẹ́rífù Buck Ledford, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá àgbègbè náà, fa Verna sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Verna, kí ló tún kù? Ó gba ara ẹ̀ là ni. Tí a ò bá rí nǹkan mìíràn, ilé ẹ̀ ló máa sùn lálẹ́ òní."

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, Ọ̀gá."

Nínú ṣẹ́ẹ̀dì, iná pupa kan ń mú ooru wá sórí páálí òfìfo tí wọ́n da ìyẹ̀fun igi sí, omi sì wà nínú àwo pẹrẹsẹ kan níbẹ̀. Verna wò ó, ó yà á lẹ́nu. Ta ló ń tọ́jú ibùsùn báyìí fún ohun kékeré ẹlẹ́mìí kó tó fàbọn yọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ó gbé etí ṣẹ́ẹ̀tì olóògbé sókè. Àpò ìbọn aláwọ kan wà ní ìgbànú rẹ̀, ògbólógbòó, ó ṣófo. Verna ki àtàńpàkò bọ ẹnu àpò náà, ó fi wọn bó ṣe fẹ̀ tó.

Nadine, ìyàwó olóògbé, wà ní kíṣìnì níwájú àwo bísíkíìtì tí ẹnikẹ́ni ò jẹ.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Níbo ni bàbá lọ láàárọ̀?"

"Ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn òròmọdìyẹ tí a rà ló dé síbẹ̀ nínú páálí, bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Orville ò lè nàbọn sí Clint. Ọjọ́ Ẹtì la máa sin ín, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé apànìyàn tọ́wọ́ ẹ̀ ò yá tó ni ọkọ mi. Ṣé orúkọ tó máa bá wọ sàréè nìyẹn?"

Verna wo ojú fèrèsé síta. Ó ń ronú nípa ilé ìfìwéránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ń gbébọn ní ìlú yẹn ló mọ̀ pé òfin ò gbà kí ìbọn wọ ibẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ. Láti inú píkọ́ọ̀pù Orville ni ohùn tín-ín-rín tín-ín-rín ti ń wá. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Páálí oníhò kan wà lórí ìjókòó, òròmọdìyẹ kún inú rẹ̀, wọ́n rìnrìn àjò láti ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì wà láàyè. Verna ṣí àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Ó fi aṣọ ìnujú mú ohun tó rí níbẹ̀ jáde.

"Háà," ló sọ, jẹ́jẹ́.

Ní ọ́fíìsì Ṣẹ́rífù, Verna gbé àpò aláwọ náà sórí tábìlì. Ó gbé ìbọn ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n ti yọ ọta rẹ̀ tì í.

"Ọ̀gbẹ́ni Mabry, bá mi kì í bọ inú ẹ̀."

Clint rẹ́rìn-ín, ó kì í. Ìbọn náà dúró lẹ́nu àpò. Tọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kó wọlé. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi agbára tì í, òógùn yọ lójú rẹ̀. Awọ kò gbà. Ṣẹ́rífù dìde lórí ìjókòó rẹ̀ láìmọ̀.

"Bóyá ó… bóyá ó tú tọ́ọ̀ṣì yẹn tẹ́lẹ̀," Clint wí.

"Ìwọ lo sọ pé ó tàn án sí ọ lójú. Ìbọn yìí kò wọ àpò yẹn rí, kò sì lè jáde níbi tí kò wọ̀." Verna gbé ìbọn kejì tó bá nínú ọkọ̀ Orville jáde, ọmọ ìyá ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní dígí, kò ní tọ́ọ̀ṣì. Ó tì í. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, awọ náà gbá a mọ́ra, nítorí ọdún tí wọ́n ti jọ wà pọ̀ kò kéré.

"Èyí ló ń gbé," Verna wí. "Ó yọ ọ́ sínú ọkọ̀ nítorí ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó dé, ó kọ́kọ́ lọ tan iná fún àwọn òròmọdìyẹ ẹ̀, ìbọn àtàwọn ọmọ adìyẹ ṣì wà lọ́kọ̀. Ibẹ̀ lo bá a, ọwọ́ òfìfo. Ó kọ̀ láti sẹ́ ohun tó rí lára ìbọn Shelby, o bá yìnbọn fún un. O gbé ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, àpò ṣófo. O wò yíká, o rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ lórí tábìlì, èyí tó fi ń dárayá ní Sátidé. Kò tiẹ̀ sọ sí ọ lọ́kàn pé ìbọn mìíràn lè wà. O fi sí i lọ́wọ́, o tan tọ́ọ̀ṣì."

Ṣẹ́rífù mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Clint ò wò ó. Ìbọn tó wà nínú àpò ló ń wò.

"Kò gbé tèmi rí?" Ohùn rẹ̀ já. "Gbogbo ìgbà yẹn?"

"Kò fẹ́ kó dùn ọ́ ni kò ṣe sọ," Verna dáhùn.

Clint sunkún nígbà náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ṣẹ́rífù dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí fìlà, ó sì pariwo kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: "Orville Tackett kò fa ìbọn yọ sí ẹnikẹ́ni." Nadine di ọwọ́ Verna mú títí wọ́n fi dé sàréè.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Nadine mú Verna lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Àwọn òròmọdìyẹ ti kóra jọ sábẹ́ iná pupa, wọ́n ń sùn. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, Verna sì na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná.

"Má pa á," Nadine wí. "Òun ló tàn án."