Ta Ló Bó Ọmọ Ẹṣin Láwọ?

Ajá olùṣọ́-àgùntàn kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí pápá Curragh, ó gbó títí olówó rẹ̀ fi tẹ̀ lé e wọlé. Òkú ọmọ ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni ọkùnrin náà bá níbẹ̀. Wọ́n ti bó o láwọ láti ọrùn dé ìdí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Kildare ti gbọ́. Ẹṣin la fi ń jẹun nílùú wa, ẹṣin la fi ń yangàn. Ẹni tó ti bá àbúrò rẹ̀ yodì láti ọdún márùn-ún máa ń sunkún níbí tí ẹṣin bá fẹsẹ̀ rọ́. Inú bí wa débi pé a ò bi ara wa léèrè ohunkóhun. Orúkọ Packie Geoghegan ni gbogbo ẹnu ń pè, torí òun ló ń gbé òkú ẹran kiri oko, tó ń bó wọn, tó sì ń ta awọ wọn.

Honor Delahunt ló ṣáájú wa lọ sílé rẹ̀. Opó ni Honor. Abo ẹṣin kan ṣoṣo ló kù fún un nínú ìran ẹṣin eré-ìje tí bàbá rẹ̀ sìn, abo náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọgbà Prendergast, ẹni tó ń gba abo ẹṣin olóyún sọ́dọ̀ kí wọ́n lè bímọ níbẹ̀. "Tó bá jẹ́ ọmọ ẹṣin tèmi ló ṣe báyìí sí ńkọ́?" ló ń pariwo. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn gbé òkúta lé e lọ́wọ́. Òun ló kọ́kọ́ fọ́ fèrèsé, àwa yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ìnsipẹ́kítọ̀ Lorcan Tuohy ló fara dí ẹnu ọ̀nà. Ó mú Packie lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí a má baà lù ú pa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé Tuohy wá láti Mayo. Ọmọ olùṣọ́-àgùntàn ni, kò mọ nǹkan kan nípa ẹṣin, a sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Nígbà tó gbọ́ pé ọjọ́ ọdún tuntun ni gbogbo ẹṣin eré-ìje máa ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí wọn, ìgbà yòówù kí wọ́n bí wọn, ó ní, "Ta ló wá ń se oúnjẹ ọjọ́ ìbí fún gbogbo wọn?" A fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú.

"Ṣé ìwọ lo bó o?" ló bi Packie.

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé inú igbó ni màá jù ú sí? Iṣẹ́ mi ni! Ẹran bá kú, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí, màá gbé e. Ta ló ń jí ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbé?"

"Mo fẹ́ rí àwọn awọ tó o bó."

Wọ́n lọ síbi tó ń sá wọn sí. Gbogbo awọ náà ni Packie la níkùn, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Tuohy padà lọ wo òkú ọmọ ẹṣin. Ojú ọ̀bẹ wà lọ́rùn, ó wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kò sí níkùn rárá. Ẹni tó ṣe é fa awọ yẹn yọ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ. Tuohy dìde.

Ọgbà Prendergast, níbi tí wọ́n ti ń bí ọmọ ẹṣin, ló gbà lọ. Bó ṣe wọlé ló sín.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá!" Prendergast fò sókè. "Ẹ fọwọ́! Ẹ ti bàtà yẹn bọ omi oògùn! Ṣé ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni? Òtútù kan ṣoṣo lè run gbogbo ọmọ ẹṣin tó wà níbí. Ẹran tó bá sín nínú ọgbà yìí, kò ní bá àwọn yòókù sùn lọ́jọ́ náà."

"Ẹ má bínú, àlejò ni mí." Tuohy fọwọ́. Wọ́n rìn kọjá níwájú àwọn ilé ẹṣin, ìyá àti ọmọ ń yọrí wò wọ́n. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà ní títì. Òórùn ìpara tí ìyá Tuohy máa ń fi pa á láyà nígbà òtútù ń jáde níbẹ̀.

"Ta ló wà nínú èyí?"

"Abo ẹṣin Honor ni. Òtútù díẹ̀ ló mú un, ìyẹn la ṣe fi ìpara sí i nímú. Ọmọ rẹ̀ wà dáadáa."

"Ṣé Honor ti rí ọmọ náà?"

"Mo ní kó má tíì wá. Nítorí òtútù yẹn náà ni."

Tuohy wo ilé ẹṣin ọ̀tún, ó wo tòsì. Àwọn ìyá àti ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ koríko wọn. Ó dúpẹ́, ó sì jáde lọ sílé Honor.

Honor ò fẹ́ tẹ̀ lé e. "Ẹ ti mú ìkà yẹn, kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ mi?"

"Màmá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn kan. Ẹ̀yin lẹ ni ẹṣin tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Àwọn kan nínú wa tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Prendergast rí wa, ó na apá dí ilẹ̀kùn. "Honor, mo ti sọ fún ẹ pé ẹṣin yẹn ò gbádùn!"

"Yà lọ́nà, kí n tó gbá ẹ létí."

Ó yà. Honor ṣílẹ̀kùn, gbogbo wa sì yọjú wò. Ọmọ ẹṣin kan ń mu ọmú. Orí rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ pupa, torí awọ ọmọ ẹṣin mìíràn ni wọ́n wọ̀ fún un, tí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọn lára. Ìpara ń dán nímú ìyá rẹ̀.

Tuohy yíjú sí Prendergast. "Ní Mayo, tí ọmọ àgùntàn bá kú, a máa ń bó awọ rẹ̀, ká wọ̀ ọ́ fún ọmọ tí ìyá tirẹ̀ ti kú, kí ìyá tó ṣòfò lè gbóòórùn ọmọ rẹ̀ lára rẹ̀, kó sì fún un lọ́mú. Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin náà mọ̀ ọ́n. Ìbínú ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín rántí." Àwa la wolẹ̀, torí òótọ́ ló sọ. "Ìwọ tó o pariwo lé mi lórí nítorí pé mo sín, o wá fi ẹṣin tí òtútù mú sáàárín àwọn ọmọ tuntun? Kò sí òtútù kankan. O fi ìpara tan abo náà nímú kó má baà gbóòórùn ọmọ àjèjì, o fi awọ tàn án lójú. O ò pe Packie torí pé Packie á bi ẹ́ léèrè ọmọ ta ló kú."

"Ọmọ ẹṣin kẹta tó kú lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí nìyẹn!" Prendergast bú jáde. "Gbogbo wa ló lọ wo eré-ìje lọ́jọ́ tó bí. Nígbà tá a dé, ọmọ ti kú sínú àpò tí wọ́n bí i mọ́, torí kò sẹ́ni tó bá a ya á. Bí wọ́n bá gbọ́, ta ló máa tún kó ẹṣin wá bá mi?"

"Èyí ńkọ́?" Honor bèèrè.

"Ọmọ abo ẹṣin kan tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lóko ni. Ìyá rẹ̀ kú. Abo rẹ nílò ọmọ, Honor! Ó yẹ kó o dúpẹ́ ni."

"Dúpẹ́?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sì bà wá lẹ́rù ju ariwo lọ. "Ò bá jẹ́ kí n kọ ọmọ ẹṣin akẹ́rù sínú ìwé ìran ẹṣin bàbá mi. Ọmọ ẹṣin mi ló wà nínú igbó, tí mò ń bínú nítorí rẹ̀ bí ẹni ń bínú nítorí ti ẹlòmíràn. Ìwọ lo sì dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo gbé òkúta lé mi lọ́wọ́."

Tuohy kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Prendergast lọ́wọ́.

Honor fi ọ̀bẹ gé okùn náà, ó bọ́ awọ pupa kúrò lára ọmọ dúdú. Abo ẹṣin gbóòórùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì jẹ́ kó padà sídìí ọmú. "Òmùgọ̀," ni Honor wí. A ò mọ̀ bóyá ẹṣin ló ń bá wí, tàbí ara rẹ̀, tàbí àwa.

Ó gbé awọ náà lọ sílé Packie. Wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó ń kan pákó mọ́ fèrèsé tá a fọ́.

"Bá mi sin awọ yìí pẹ̀lú òkú ọmọ ẹṣin mi," ni Honor wí.

Packie ò wẹ̀yìn. "Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ òkúta."

"Èmi ni."

Ó kan ìṣó rẹ̀ tán, ó gba awọ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Honor mú òòlù tó fi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan fèrèsé kejì.