Ìwé Orúkọ Tó Pòórá ní Oster Creek

Fáìlì náà wà lórí tábìlì yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ Oster Creek, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Jímọ̀ ni. Irinwó èèyàn ó lé méjìlá ló ti fọwọ́ sí ìwé tó wà nínú rẹ̀, pé kí ará àgbègbè dìbò lórí owó tí wọ́n fẹ́ yá láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Bí ìwé náà kò bá dé ọ́fíìsì ìdìbò kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Joleen Ruppert, ọlọ́pàá ìlú náà, yí fáìlì náà dà, ó sì gbọ̀n ọ́n. Lóṣù karùn-ún ni àjà kíláàsì kẹta já lulẹ̀, tó fọ́ àga mẹ́fà. Àkókò eré ni, kò sọ́mọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, Tess ọmọ rẹ̀ máa wọ kíláàsì kẹta.

"Ta ló wà níbí nírọ̀lẹ́ àná?"

"Àwa méjìlá la ṣèpàdé," ni Ọ̀gbẹ́ni Ostby, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, fèsì. "Kálukú gbé àwo oúnjẹ wá ká lè jọ jẹ ẹ́, bá a ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn, èmi náà ni mo ṣí i láàárọ̀. Bébà kankan ò jáde lójú mi. Ooru mú, kò sẹ́ni tó wọ kóòtù, kò sẹ́ni tó gbé báàgì. Orí mi ti dàrú, Joleen."

Joleen wọ ilé ìdáná. Wọ́n ti fọ àwọn àwo oúnjẹ mọ́ tónítóní, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì. Ó yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Téèpù tí wọ́n kọ orúkọ sí wà nídìí àwo kọ̀ọ̀kan. Láti ayé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n á fọ àwo sí, oníkálukú á wá mú tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Èèyàn méjìlá, àwo mọ́kànlá.

Ọ̀dọ̀ Dwight Kessenich ló kọ́kọ́ lọ. Oko rẹ̀ ló tóbi jù, owó orí ilẹ̀ rẹ̀ á sì ga bí wọ́n bá yá owó náà.

"O wá mú mi, àbí?" Dwight ń nu gírísì lọ́wọ́. "Ẹnu ni mo fi ń jà, Joleen. Mi ò jalè rí, àfi àpù bàbá ẹ."

"Kí lẹ rí lánàá?"

"Ebi ni mo rí. Pọ̀tétò oníwàràkàṣì Marlys ti tán kó tó kàn mí. Mo fi ṣíbí ha ìdí àwo. Nígbà tá a ń lọ, mo ní kí n bá a gbé àwo yẹn kó lè ṣí ọkọ̀. Ó kọ̀. Ó ti dé e lómorí, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ọbẹ̀."

"Àwo tó ti ṣófo?"

"Àwo tí mo fọwọ́ ara mi ha."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Marlys Tjaden ti ń se oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ náà. Joleen gan-an jẹ nínú rẹ̀ dàgbà; ó wakọ̀ lọ bá a nílé.

"Joleen ọmọ mi, jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Mà, ẹ fọ àwo gbogbo èèyàn, ẹ wá dé tiyín lómorí, ẹ gbé e lọ sílé. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Marlys fa àga kan, ó jókòó.

"Mo ti dáná sun ìwé náà," ló wí. "Nígbà tí Ostby lọ ti fèrèsé, mo kó o sínú àwo. Ta ló máa ṣí àwo ìyá arúgbó wò?"

"Kí ló dé?"

"Ìlú Wexler ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà sí. Máìlì mẹ́sàn-án sí ibí. Wọ́n ti kó ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, wọ́n ti kó báńkì lọ. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá tún lọ, kí ló kù ní Oster Creek ju ibojì lọ? Ọkọ mi wà níbẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

"Àjà já, Mà. Kíláàsì tí Tess ń lọ ni."

"Èmi ni mo gbá eruku ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á tún un ṣe."

"Ta ló máa tún un ṣe?"

Marlys dìde, ó lọ bu oúnjẹ sínú àwo.

Joleen pe ọ́fíìsì ìdìbò. Obìnrin tó gbé fóònù níwà pẹ̀lẹ́: ìwé tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn sí gan-an nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn ò gba ẹ̀dà. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá. Irinwó èèyàn ó lé méjìlá, tí wọ́n fọ́n káàkiri oko. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Inú ń bí i sí Marlys, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é, kò sì mọ èyí tí òun ì bá jẹ́ kó borí. Ó kọ ẹ̀sùn olè sínú ìwé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti kan pákó mọ́ àjà náà. Joleen mú Tess dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹta, ó rọra bẹ olùkọ́ pé kó fún ọmọ náà ní àga tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí àjà kò ti já.

"Ẹ má bínú," ni olùkọ́ wí. "Àwọn ìyá yòókù ti bẹ̀ mí ṣáájú yín. Àga ẹ̀bá ògiri ti tán."