Máìkì Tí Ràbíátù Yàn

"Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa kí wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé a pọ̀." Rùkáyátù, ọ̀rẹ́ Ràbíátù, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń tún gèlè wé, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Ó yẹ kí ẹ rí àgbàlá ilé àwọn Ràbíátù ní àdúgbò Aboabo, nílùú Tamale, láàárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́dún 1964. Tọmọdé tàgbà ló yí tábìlì kan ká. Orí tábìlì yìí ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà, irú èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ tí èèyàn lè gbé kọ́ èjìká. Tíṣà Mumuni, tó ń kọ́ Ràbíátù ní sáyẹ́ǹsì, ló yá a. Ọkùnrin náà kì í yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí Ràbíátù í ṣe. Ọmọ tí kì í fọwọ́ kan nǹkan kó má béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìyá Àgbà, tó bí bàbá Ràbíátù, ni wọ́n torí rẹ̀ yá ẹ̀rọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún wọn láyé, Àwẹ̀ró, tó wà ní Ọ̀fà. Láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti tẹ̀lé ọkọ wá sí Tamale, wọn ò fojú kan ara wọn mọ́. Ní báyìí, Àwẹ̀ró ti fọ́jú, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà náà ò gba ọ̀nà jíjìn mọ́. Àlàájì Àbdùsàlámì, oníṣòwò aṣọ, máa wọ lọ́rì lọ sílé lọ́jọ́ kejì, ó sì mọ ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yìí ní Ọ̀fà. Bí ohùn ò bá wọ téèpù dáadáa lónìí, àfàìmọ̀ ni Àwẹ̀ró ò ní kú láìgbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Máìkì méjì ni tíṣà kó fún Ràbíátù. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán, ó sì ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀. Èkejì tín-ín-rín, ó dúdú, kò jọ ẹni lójú rárá.

"Èyí tó ń dán yìí ń gbọ́ láti ibi gbogbo," tíṣà ló wí bẹ́ẹ̀. "Ohun tó bá wà níwájú dúdú yìí nìkan ló ń gbọ́, ó sì fẹ́ sún mọ́ ẹnu. Má bi mí léèrè èwo ló dára jù. Bi ara rẹ pé ohùn ta lo fẹ́."

Ta ló máa rí nǹkan tó ń dán tí yóò mú dúdú? Bàbá Abdul-Ganiyu, àbúrò bàbá Ràbíátù, ti gbé èyí tó ń dán sórí tábìlì kí ọmọ tó sọ̀rọ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìyá Àgbà kí àbúrò wọn, wọ́n ṣàdúrà, gbogbo ilé ń ṣe àmín kíkankíkan. Rùkáyátù kí i, Asana ará ilé kejì kí i ní Dagbani, èdè àwọn ará Tamale, àwọn ọmọdé náà kí i.

Nígbà tí wọ́n dá téèpù padà tí ó ń sọ̀rọ̀, inú agboolé dùn. "Èmi nìyẹn," "Gbọ́ ohùn Asana," ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ohun tí kálukú ń gbọ́ ni ohùn ara rẹ̀. Ràbíátù nìkan ló ń wá ohùn Ìyá Àgbà. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo níta wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, àmín wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ohùn Ìyá Àgbà jìnnà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé.

"A máa tún un gbà," ó ní. "Máìkì yìí kọ́ ló yẹ."

Asana wò ó. "Ràbí, nǹkan tó dùn tó báyìí lo fẹ́ pa rẹ́?"

"Ṣé kí ohùn wa má bàa dé Ọ̀fà ni?" Rùkáyátù pòṣé. "O ti ń ṣàṣejù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ náà. Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo èèyàn máa yìn ín, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n ó rántí obìnrin tó fọ́jú, tí etí nìkan ló kù fún un. Ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì mú máìkì dúdú.

"Ràbíátù," Bàbá Abdul-Ganiyu ló dá a dúró. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ na irin sí àgbà lẹ́nu? Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá nawọ́ sí àgbà lójú nílé Yorùbá, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ràbíátù kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní nà án sí wọn." Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi yíjú sí Ìyá Àgbà, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé máìkì fún wọn. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ sí Ìyá Àwẹ̀ró létí."

Ìyá Àgbà gbà á. Ọmọ yẹn gbọ́n jàre, bí mo bá rántí, orí mi a máa wú.

Ó mú wọn wọ yàrá, ó ti fèrèsé, ó fi aṣọ wé ibi tí òrùka wọn ń kàn lára máìkì. Ó ki nǹkan ìgbọ́hùn tó so mọ́ ẹ̀rọ bọ etí, kó lè máa gbọ́ ohun tó ń wọ téèpù. Ó wá bẹ ará ilé pé bí wọ́n bá gbọ́ àdúrà, kí wọ́n ṣe àmín sínú.

"Àdúrà láìsí àmín?" Ìyá Àgbà ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

"Ìyá Àwẹ̀ró ló máa ṣe àmín ọ̀hún, ní Ọ̀fà."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki àbúrò wọn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kì í nígbà tó wà lọ́mọdé. Omi ń bọ́ lójú Ràbíátù, ṣùgbọ́n kò mí sókè.

Rùkáyátù àti Asana kò bá a sọ̀rọ̀ títí Àlàájì fi dé láti Ọ̀fà. Nígbà tó dé, ó ní bí ohùn ṣe jáde báyìí, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n gbé òun dìde. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ, ó sì ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí téèpù tán tí wọ́n fẹ́ pa ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ wọn mú. Ó ní, "Ẹ má tíì pa wọ́n. Mi ò tíì dá wọn lóhùn tán."

Rùkáyátù ló kọ́kọ́ sunkún. Ó lọ dì mọ́ Ràbíátù.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn ò yẹ adìyẹ. Ẹ má fi dídán yan irinṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ariwo ẹgbẹ́ yan án fún yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún. Bí ohun tó tọ́ bá sì dà bí ohun tó máa tàbùkù àgbà, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.