Fìlà Kékeré Lórí Ọwọ́ Bíréèkì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá àlàyé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹlẹ̀ ni. Obìnrin méjì ló fojú ara wọn rí i. Ọ̀kan ń ka rósárì, èkejì ń kírun, kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn. Ojú ọ̀sán ni, oòrùn wà lókè. Àyèká ni, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ẹ̀gẹ́.

Agatha ni ìyàwó ilé náà. Ìyá Lucy ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Vincent, ọkọ rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ rí nínú rélùwéè kékeré tí ilé iṣẹ́ gẹdú kan là láti inú igbó ẹ̀yìn Ìrẹ̀lẹ̀ dé etí odò. Ojú irin rẹ̀ tóóró. Ọkùnrin tó bá la ẹsẹ̀ lè fi ọ̀kan tẹ irin ọ̀tún, kó fi èkejì tẹ tòsì. Ṣùgbọ́n gẹdú tó ń gba orí rẹ̀ kọjá, ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbá ọ̀kan ṣoṣo mọ́ra.

Iṣẹ́ bíréèkì ni Vincent ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá dé etí odò, níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́, òun ni yóò yí ọwọ́ bíréèkì títí yóò fi le. Bó bá le tán, á ṣí fìlà orí rẹ̀, á fi kọ́ ọwọ́ bíréèkì náà. Àwọn tó ń já gẹdú á kígbe láti ìsàlẹ̀: "Fìlà dà?" Á dáhùn: "Fìlà wà!" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè wọ abẹ́ gẹdú lọ tú ṣéènì. Bí kò bá sí fìlà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Òyìnbó kọ́ ló ṣe òfin yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ṣe é.

Lọ́dún 1964, ọkọ̀ keje nínú àwọn ọkọ̀ tó ń ru gẹdú yọ̀ lójú irin. Gẹdú mẹ́ta ya lu ọkùnrin mẹ́ta: Ambrose, Àlàmú, àti Mùtàlíbù tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Agatha wà lára àwọn tó sáré débẹ̀. Wọ́n ní kó má wò ó. Ó wò ó. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó Àlàmú. Orí Ambrose ti rì sínú iyanrìn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fà á. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ síta lára Mùtàlíbù. Ó ṣì di ṣéènì mú.

Òyìnbó béèrè bóyá fìlà wà níbẹ̀. Vincent ní kò sí. Ó ní Mùtàlíbù ló kánjú kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ abẹ́ gẹdú. Fìlà Vincent wà lórí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ènìyàn rí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, àwọn ará ilé Ambrose àti ti Àlàmú lọ bá Mọ̀dínátù, ìyàwó Mùtàlíbù. Wọ́n wọ́ ọ jáde níbi tó ti ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n fi igi nà án títí igi fi dá. Wọ́n sun òrùlé rẹ̀. Ẹnì kan sọ òkò, ojú òsì rẹ̀ sì fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Rùfáì ọmọ rẹ̀ bá ń kọjá lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pariwo tẹ̀ lé e: "Ọmọ apààyàn!"

Mọ̀dínátù kò kó kúrò nílùú. Ilé kẹta sí ti Agatha ló ń gbé, gààrí ló ń yan. Bí Agatha bá kí i, á dáhùn. Kì í sọ ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà hú irin rẹ̀ tó sì kógbá lọ, Vincent bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa páálí. Ó fẹ́ fi ṣe rélùwéè náà ní kékeré, sórí tábìlì.

Páálí ọṣẹ. Páálí bàtà. Ẹ̀yìn ìwé orin tó ti gbó. Igi ìṣáná ló fi ń wọn nǹkan: igi ìṣáná kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kò sì jẹ́ yẹ̀ ẹ́. Á lẹ páálí mẹ́ta pọ̀ pẹ̀lú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí Agatha bá sè fún un, á gbé òkúta lé e títí yóò fi le bíi pákó. Irin agbòòrùn tó bàjẹ́ di ojú irin. Ìgbálẹ̀ tí ó ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Agolo mílíìkì di ẹ́ńjìnnì. Bọ́tìnnì ni ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà, wáyà kẹ̀kẹ́ sì gba àárín wọn kọjá.

"Bàbá Lucy, bọ́tìnnì kóòtù ìgbéyàwó yín rèé o."

"Kóòtù yẹn kò gbà mí mọ́."

"Ṣé ọkọ̀ yìí ló wá gbà yín?"

Vincent bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Agatha ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Nítorí ẹ̀rín yẹn, ó fún un ní ṣéènì rósárì rẹ̀ àtijọ́ tó já, kó máa fi di gẹdú.

Bí nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra ló ń ṣe wọ́n. Mẹ́fà àkọ́kọ́ kò gbà á lásìkò. Ọkọ̀ keje gba oṣù mẹ́rin. Igi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí èèpo ṣì wà lára wọn ni gẹdú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ ni ọwọ́ bíréèkì, ó sì ń yí lóòótọ́. Ọkọ̀ náà lódindi kò wúwo ju ẹyin adìẹ lọ.

Lójú Agatha, ohun kan ló kù. Ọjọ́ Fínsẹ́ńtì mímọ́ tí Vincent ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó sì fẹ́ dá ọkọ rẹ̀ lọ́lá. Ó gé etí ṣòkòtò kakí àtijọ́, ó rán fìlà kan tí kò tó èékánná. Nígbà tí Vincent lọ sóko, ó fi kọ́ ọwọ́ bíréèkì ọkọ̀ keje. Ó dúró, ó wò ó. Ó pé wàyí. Ó padà sí ilé ìdáná lọ ro púpurú.

Oòrùn kan àtàrí. Ọyẹ́ ń fẹ́. Lójijì, ọyẹ́ dákẹ́. Adìẹ dákẹ́. Orógùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń dún. Òun náà dá a dúró, kò mọ ìdí.

"Fìlà dà?"

Inú yàrá ni ohùn náà ti wá. Ohùn ọkùnrin ni, jẹ́jẹ́. Agatha rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Vincent ti dé, pé ó ti rí ẹ̀bùn rẹ̀, pé ó ń bá òun ṣeré.

"Fìlà wà o!" ló fi dá a lóhùn.

Ẹsẹ̀ rìn nínú yàrá. Ju ti ẹnì kan lọ. Ṣéènì dún. Kì í ṣe ṣéènì rósárì. Ṣéènì ńlá ni.

Ilẹ̀ mì. Ìkòkò fò kúrò lórí ààrò. Ọkùnrin mẹ́ta kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, igbe náà sì gé bí ìgbà tí wọ́n fi àdá gé e.

Nígbà tó dé yàrá, kò rí ènìyàn kankan. Ọkọ̀ keje dúró lórí irin agbòòrùn. Igi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta ti ya sábẹ́ tábìlì. Àgbébọ̀ adìẹ tó ń sàba níbẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní, òun, ẹyin rẹ̀ àti agbọ̀n. Ìyẹ́ rẹ̀ wọnú símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì là. Agatha mú igi ẹ̀gẹ́ kan. Ó fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì ń rùn bí igi ìdígbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀.

Vincent dé. Ó rí ilẹ̀. Ó rí fìlà.

"Ta ló fi èyí kọ́ ibí?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ fi dá yín—"

Ó gbá a létí. Ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò nà án rí. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ta sára páálí. Vincent wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Fìlà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní.

Agatha nu ẹnu. "Ọjọ́ wo?"

"Wọ́n bi mí, mo dáhùn. N kò tíì yí bíréèkì le. Ebi ń pa mí, mo ní n ó jẹun kí n tó padà wá yí i. Mo ti mú fìlà dé orí kí òyìnbó tó dé."

"Mùtàlíbù ńkọ́?"

"Mùtàlíbù kò ṣe nǹkan kan."

"Ojú Ìyá Rùfáì tó fọ́ ńkọ́, Bàbá Lucy?"

Vincent fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ lára páálí.

"Ẹ lọ sọ fún un."

"Wọ́n á pa mí. Ìwọ náà rí ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí."

Ó yọ fìlà náà, ó sọ ọ́ síná. Ó ju ọkọ̀ keje tẹ̀ lé e. Páálí gbígbẹ, sítáàṣì gbígbẹ. Ó yẹ kó jó bí ewé. Iná ló kú. Ó fi àáké ṣá a. Ẹnu àáké ṣẹ́, ó fò lu ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ keje wà lójú irin, gẹdú wà lórí rẹ̀, fìlà wà lórí bíréèkì.

Lọ́sàn-án, ohùn náà tún béèrè. Agatha fọwọ́ di ẹnu ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ di tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Lójúde, òbúkọ wọn ké, ìbàdí rẹ̀ sì fọ́ mọ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Lọ́jọ́ kejì, odó ilé ìdáná là sí méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀kùn yàrá. Lọ́jọ́ kẹrin, ìdajì bẹ́ẹ̀dì wọn, apá ibi tí Vincent máa ń sùn.

Agatha ti ka rósárì títí ìka rẹ̀ fi wú. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò kà á. Ó dìde, ó lọ sí ilé kẹta.

"Ìyá Rùfáì, ẹ wá gbọ́ ohùn kan nílé wa."

"Ohùn ta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n."

Mọ̀dínátù wo ojú rẹ̀ tó wú. Ó fa igi kúrò lábẹ́ agbada gààrí, ó sì tẹ̀ lé e.

Vincent wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Kí lo mú un wá ṣe?"

"Kẹ́ ẹ lè sọ ọ́."

Oòrùn kan àtàrí. Ọyẹ́ dákẹ́.

"Fìlà dà?"

Mọ̀dínátù di férémù ilẹ̀kùn mú. "Bàbá Rùfáì," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yí ojú kan ṣoṣo tó kù fún un sí Vincent. "Vincent. Ọkọ mi ń bi ọ́ ní ọ̀rọ̀."

Vincent la ẹnu. Agatha rí irọ́ àtijọ́ yẹn ní ètè rẹ̀, ó ti fẹ́ bọ́. "Fìlà dà?" Ohùn náà ti wà lẹ́bàá etí rẹ̀ wàyí. Omi bọ́ lójú Vincent.

"Fìlà wà! Èmi ni mo fi kọ́ ọ! N kò yí i le, Mùtàlíbù, n kò yí i le!"

Ó fò mọ́ ọkọ̀ náà. Ó fi ìka méjì mú abẹ́rẹ́ bíréèkì, ó ń yí i.

Gẹdú ró. Ọkọ̀ páálí náà yọ̀ díẹ̀, kò ju ìdajì igi ìṣáná lọ, ohun tí wọn kò rí sì gun Vincent láyà. Egungun ìhà rẹ̀ ń dá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin méjèèjì gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èjìká rẹ̀ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tú ní imú, ó tú ní etí. Kò fi bíréèkì sílẹ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ jáde," ó ní. "Mo dì í mú. Ẹ jáde."

Ẹsẹ̀ kan gba àárín àwọn obìnrin náà kọjá, pẹ̀lú òórùn tábà Ambrose. Ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ lé e, ó ń wúkọ́ bí Àlàmú ṣe máa ń wúkọ́. Wọ́n dúró de ẹ̀kẹta.

"Bàbá Rùfáì, jáde!" Mọ̀dínátù kígbe.

Wọ́n ń gbọ́ mímí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò jáde.

Vincent wo ìyàwó rẹ̀. "Gbà á. Má jẹ́ kó yọ̀."

Agatha fi ìka rẹ̀ lé abẹ́rẹ́ náà. Bíi kí gbogbo igbó Ìrẹ̀lẹ̀ fara tì í. Lẹ́yìn náà ni ìka Vincent tú.

Àwọn tó wẹ òkú rẹ̀ ní mọ́tò ló gbá a. Kò sí mọ́tò tó wọ yàrá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mọ̀dínátù gba bíréèkì mú kí Agatha lè lọ sí ìsìn. Lẹ́yìn Mísà, Agatha dìde láàárín ìjọ, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ambrose ju àga lù ú, eyín rẹ̀ méjì sì bọ́ síbẹ̀. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sọ èyí tó kù. Nírọ̀lẹ́, àwọn ará ilé Ambrose àti ti Àlàmú wá dọ̀bálẹ̀ fún Mọ̀dínátù, wọ́n ní kó forí jì wọ́n. Kò lè dìde sí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bíréèkì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà. Bí ọ̀kan bá ń yan gààrí, èkejì á wà ní yàrá. Wọ́n fi wáyà so bíréèkì náà lẹ́ẹ̀kan. Wáyà já, ògiri ẹ̀yìn sì wó. Wọn kò tún fi nǹkan so ó mọ́. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá kan àtàrí, ohùn náà á béèrè, àwọn méjèèjì á sì dáhùn pọ̀: "Fìlà wà. Ó ti le. Jáde."

Kò jáde. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni ṣéènì, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni tó fara balẹ̀ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé fìlà wà. Ó ń tú ṣéènì.

Agatha ti ń ka òrùka ṣéènì rósárì tó di gẹdú náà mú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan á ti tú, kò sì sí ohun mìíràn tó di gẹdú mú. Ó ti sọ fún Mọ̀dínátù, Mọ̀dínátù ní òun náà ti rí i.

Lánàá, ó ku mẹ́ta.